Ẹ Jẹ́ Kí Aláìsàn Sọ Tẹnu Rẹ̀: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Ará Ilé àti Òṣìṣẹ́ Ìlera

Àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí ni àwọn tó ń dúró ti aláìsàn máa ń bi wá jù. Àwọn kan jẹ́ nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àwọn kan jẹ́ ọmọ tó fi ọjà sílẹ̀ wá jókòó ti ìyá. Bí mo ṣe máa ń dá wọn lóhùn lójúkojú náà ni mo ṣe kọ ọ́ síbí. Ibi tó bá gba àlàyé, mo dúró níbẹ̀. Ibi tí kò gbà á, mo kọjá.

Kí lẹ ní lọ́kàn gan-an tẹ́ ẹ bá ní ká jẹ́ kí aláìsàn sọ ìtàn ara rẹ̀? Ṣé kì í ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe lọ́dọ̀ dókítà náà nìyẹn?

Ìbéèrè ni wọ́n ń dáhùn lọ́dọ̀ dókítà. "Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Ṣé ara ń gbóná? Ẹ ti lo oògùn kankan?" Ìbéèrè tó yẹ ni o, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ara nìkan ló wà níbẹ̀. Ẹni tó ni ara náà kò tíì yọjú.

Bàbá kan wà tí wọ́n ń fọ kíndìnrín fún, ahunṣọ láti Ìsẹ́yìn. Nígbà tó yá, ó ní òun ò lọ fọ̀ ọ́ mọ́. Àwọn ọmọ rò pé owó ló ń rò, dókítà rò pé ó ti sú u, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ní àdúrà ló kù. Nọ́ọ̀sì kan tó wá yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ wò kàn bi í pé, "Bàbá, kí wọ́n tó gbé yín wá síbí, tẹ́ ẹ bá jí láàárọ̀, kí lẹ máa ń kọ́kọ́ ṣe?" Bàbá ò dáhùn. Ó mú etí aṣọ tí wọ́n fi bò ó, ó fi àtàǹpàkò rà á, ó ní ẹni tó hun eléyìí kò fa òwú rẹ̀ le tó. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó sọ bí wọ́n ṣe ń ta òwú, ó sọ ti sányán, ó sọ ti àlàárì àti ẹtù, ó bú àwọn ọmọ ìsinsìnyí tí kò ní sùúrù. Ẹ̀yìn èyí ló wá tú u sílẹ̀ pé oníbàárà kan ti san àsansílẹ̀ aṣọ ìyàwó, aṣọ náà wà lórí òfì ní ààbọ̀, òun ò sì fẹ́ kí wọ́n sin òun mọ́ gbèsè aṣọ. Kíndìnrín ń gba ọjọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, òfì ń dúró.

Wọ́n gbé fóònù lé e lọ́wọ́. Àbúrò rẹ̀ gbé tirẹ̀ síwájú òfì ní Ìsẹ́yìn, bàbá sì ń darí iṣẹ́ láti orí bẹ́ẹ̀dì, ó ń pariwo pé kí wọ́n tú ibi tí wọ́n hun kù. Ní gbogbo àkókò yẹn, kò kọ̀ kí wọ́n fọ kíndìnrín rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò ṣèlérí ìwòsàn fún un. Ibi tí gbogbo wa ti ń wá ìrètí rẹ̀ kọ́ ló wà, òun nìkan ló mọ ibẹ̀, kò sì sẹ́ni tó bi í tẹ́lẹ̀.

Ṣé ìtàn lè wo àìsàn sàn ni?

Rárá o. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, ẹ sá fún un. Jẹjẹrẹ kì í gbọ́ ìtàn. Ẹni tí ìrora ń jẹ lóru kò tilẹ̀ lè sọ ìtàn kankan, oògùn ìrora lẹ máa kọ́kọ́ wá fún un. Tí àwọn dókítà bá kọ mọ́fíìnì fún ìrora jẹjẹrẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí ẹ̀rù gbé e pa mọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí.

Ìtàn kan tí mo fẹ́ràn nípa èyí ṣẹlẹ̀ ní London ní 1948. Cicely Saunders, tó jẹ́ òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó ọ̀ràn ìdílé àwọn aláìsàn nígbà náà kó tó lọ kọ́ṣẹ́ dókítà, máa ń jókòó ti ọkùnrin ará Poland kan, David Tasma, tí jẹjẹrẹ ń pa lọ. Ọ̀rọ̀ ayé ọkùnrin náà ni wọ́n jọ máa ń sọ. Kó tó kú, ó fi £500 sílẹ̀ fún un, ó ní òun á jẹ́ fèrèsé kan nínú ilé tí Saunders ń gbèrò láti kọ́ fún àwọn tí àìsàn ń pa lọ. Ní 1967 ni ilé náà, St Christopher's Hospice, ṣí. Obìnrin tó gbọ́ ìtàn yẹn ló sì tún tẹnu mọ́ ọn fún gbogbo ayé pé kí wọ́n máa fún aláìsàn ní oògùn ìrora lákòókò-lákòókò, kí wọ́n má dúró dìgbà tó bá ké. Etí àti oògùn ló fi ṣiṣẹ́.

Tó bá jẹ́ ẹ̀rí ìwádìí lẹ ń wá, dókítà Harvey Chochinov ní Kánádà ṣètò ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà jókòó ti ẹni tí àìsàn rẹ̀ ti le jù. Wọ́n á bi í nípa ohun tó ṣe láyé, ohun tó fẹ́ kí àwọn èèyàn rẹ̀ rántí, ọ̀rọ̀ tó kù tó fẹ́ sọ. Wọ́n á gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé, wọ́n á kà á sí i létí kó lè tún un ṣe, wọ́n á wá kó o fún un kó fún ẹni tó bá wù ú. Ní 2005, wọ́n gbé èsì aláìsàn 100 jáde láti Kánádà àti Ọsirélíà: ìdá 76 nínú ọgọ́rùn-ún sọ pé iyì àwọn pọ̀ sí i lójú ara àwọn, ìdá 47 ní ìfẹ́ láti wà láàyè pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ní 2011, nígbà tí wọ́n fi wé àwọn tí wọ́n tọ́jú lọ́nà mìíràn, ìwọ̀n ìbànújẹ́ wọn kò yàtọ̀ lọ títí. Àwọn aláìsàn náà kàn sọ pé ó ran àwọn lọ́wọ́, ó sì ran ìdílé àwọn lọ́wọ́. Èyí ni mo fi máa ń sọ pé kì í ṣe oògùn ìbànújẹ́. Ẹni tí ìbànújẹ́ rẹ̀ ti di àìsàn ọpọlọ nílò dókítà ọpọlọ.

Èrò pọ̀ níta, dókítà ò ráàyè. Ta ló fẹ́ jókòó gbọ́ ìtàn?

Mo mọ̀. Mo mọ kílíníìkì tí àwọn èèyàn ti ń gba nọ́ńbà láago márùn-ún ìdájí. Síbẹ̀, ẹ gbọ́ èyí. Ní 1984, Howard Beckman àti Richard Frankel gbé ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà: tí aláìsàn bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ìṣẹ́jú àáyá 18 ni dókítà fi ń dá a lẹ́nu, ní ìpíndọ́gba. Ní 1999, àwọn mìíràn tún un wò, ó di 23. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé àwọn aláìsàn tí wọ́n jẹ́ kí wọ́n parí ọ̀rọ̀ wọn kò fi ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 6 péré pẹ́ ju àwọn tí wọ́n dá lẹ́nu lọ, ní ìpíndọ́gba. Ní Basel, ní Switzerland, wọ́n ní kí àwọn dókítà kàn dákẹ́ títí aláìsàn yóò fi sọ pé òun ti parí. Èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2002 ni pé ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ péré ni, ní ìpíndọ́gba, nǹkan bí ìdá 78 nínú ọgọ́rùn-ún sì parí láàárín ìṣẹ́jú méjì.

Àwọn àgbà ní àgbọ́ìgbọ́tán ló ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Èrò Basel kò tó èrò tiwa, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú méjì tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ á gbà yín lọ́wọ́ "Dókítà, ohun tó gbé mi wá gan-an…" tí wọ́n máa ń sọ nígbà tí wọ́n bá ti di ilẹ̀kùn mú.

Ẹ jókòó, kódà kó jẹ́ létí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ gbé ojú kúrò nínú fáìlì. Ẹ jẹ́ kí gbólóhùn àkọ́kọ́ jẹ́ tirẹ̀.

Ìbéèrè wo ni ká bi wọ́n?

Ní 1978, Arthur Kleinman, dókítà ọpọlọ kan ní Amẹ́ríkà tó tún ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa àṣà àwọn èèyàn, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, to àwọn ìbéèrè kan jọ tí wọ́n ṣì ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn títí dòní. Bí mo ṣe ń béèrè wọn lédè wa nìyí: Kí lẹ̀yin fúnra yín ń pe ohun tó ń ṣe yín yìí? Kí lẹ rò pé ó fà á? Kí ló dé tó fi jẹ́ àkókò yẹn ló bẹ̀rẹ̀? Kí ló ti gbà lọ́wọ́ yín? Kí lẹ bẹ̀rù jù nínú rẹ̀? Kí lẹ fẹ́ kí ìtọ́jú yìí ṣe fún yín?

Ẹ má bi wọ́n léraléra bí ọlọ́pàá. Ọ̀kan tàbí méjì ti tó lójoojúmọ́. Ṣáájú gbogbo rẹ̀, ẹ béèrè orúkọ tí wọ́n máa ń pè é nílé. Ìyá tó ti fi ọgbọ̀n ọdún jẹ́ Ìyá Rísì fún gbogbo àdúgbò kì í mọ̀ pé òun ni wọ́n ń pè tí wọ́n bá ní "bẹ́ẹ̀dì kẹfà". Alhaja fẹ́ kẹ́ ẹ pe òun ní Alhaja. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ṣì ń jẹ́ Tíṣà. Ọmọdé nọ́ọ̀sì kò sì gbọ́dọ̀ fi "ìwọ" bá ẹni tó bí ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ nítorí pé ẹni náà wà lórí ìdùbúlẹ̀. Mo ti rí àgbàlagbà tó yíjú sí ògiri nítorí èyí, tí wọ́n sì kọ sínú fáìlì pé kò fẹ́ sọ̀rọ̀.

Ìbéèrè kan wà tí mo máa ń bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ gbé sọnù: "Kí ló dé tẹ́ ò tètè wá?" Ẹjọ́ ni yẹn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ lóòótọ́, ẹ ní, "Ẹ sọ bẹ́ ẹ ṣe rìn ín títí dé ọ̀dọ̀ wa fún mi." Wọ́n á sọ fún yín pé wọ́n kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì, pé wọ́n lo àgbo, pé ọkọ ní kí wọ́n dúró di oṣù tó ń bọ̀.

Àwọn àbúrò mi ní a ò gbọ́dọ̀ sọ fún Màmá pé jẹjẹrẹ ni, pé ẹ̀rù á pa á. Kí ni ká ṣe?

Ìbéèrè tí wọ́n ń bi wá jù nìyí, ìfẹ́ ló sì ń bí i. Mi ò ní bú yín.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti òfin. Òfin Ìlera Nàìjíríà ti 2014, ní abala 23, sọ pé aláìsàn ló ni ẹ̀tọ́ láti mọ ipò tí ìlera rẹ̀ wà, pé kí wọ́n sọ ọ́ lédè tó gbọ́ níbi tó bá ti ṣeé ṣe, lọ́nà tó bá òye rẹ̀ mu. Àyè díẹ̀ wà fún ìgbà tí ẹ̀rí gidi bá wà pé sísọ ọ́ máa pa á lára. "Ẹ̀rù ń ba àwa ọmọ" kò sí nínú àyè yẹn.

Òfin kọ́ ló máa ń yanjú rẹ̀ ṣá. Nígbà púpọ̀, Màmá ti mọ̀. Ọ̀rọ̀ kan tó wáyé rí rèé, láàárín nọ́ọ̀sì kan àti ìyá tó ní kókó lọ́mú:

"Màmá, kí làwọn dókítà ti sọ fún yín nípa kókó yìí?"

"Wọ́n ní èèwo ni."

"Ẹ̀yin alára ńkọ́, kí lẹ rò?"

Màmá kọ́kọ́ wo ẹnu ọ̀nà, bóyá ọmọ rẹ̀ ti ń bọ̀. "Ọmọ mi, mo mọ̀ pé kì í ṣe èèwo. Ó pa ẹ̀gbọ́n mi. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ọkàn àwọn ọmọ yìí dàrú, ni mo ṣe ń bá wọn pè é léèwo."

Àwọn ọmọ ń pa á mọ́ fún ìyá, ìyá ń pa á mọ́ fún àwọn ọmọ, oníkálukú ń dá sunkún tirẹ̀ ní kọ̀rọ̀. Nítorí náà, ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "ẹ jẹ́ ká sọ fún un". Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "ẹ jẹ́ ká bi í". Ohun tó mọ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bi í. Lẹ́yìn náà, ẹ bi í pé báwo ló ṣe fẹ́ gbọ́ ọ: "Ṣé ẹ fẹ́ kí n ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún yín, àbí ẹnì kan wà tẹ́ ẹ fẹ́ kí n bá sọ ọ́?" Àwọn kan á ní, "Ẹ bá Déọ̀lá sọ ọ́, òun ni mo fọkàn tán." Ẹ̀tọ́ rẹ̀ nìyẹn náà. Ohun tó ń dùn mí ni kí ẹlòmíràn ṣe ìpinnu yẹn fún un nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì là sílẹ̀ kedere.

Tá a bá wá sọ òótọ́ fún un, ṣé ìrètí rẹ̀ ò ní tán?

Ọ̀kan lára ìrètí rẹ̀ lè tán, pé àìsàn náà á lọ pátápátá. Ó máa dùn ún. Ẹ jẹ́ kó dùn ún, ẹ má yára fi ọ̀rọ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ẹ bi í pé, "Níbi tọ́rọ̀ dé yìí, kí ló kù tẹ́ ẹ fẹ́?" Ìdáhùn tí mo máa ń gbọ́ kì í tóbi: kóun lè jókòó síta nírọ̀lẹ́, kóun fojú kan ọmọ tó wà ní Manchester, kí òun àti ẹ̀gbọ́n òun parí ìjà ilẹ̀, kí ọmọ-ọmọ kọ́ bí òun ṣe ń se ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, kí òun sùn lóru kan láìsí ìrora. Gbogbo ìwọ̀nyí ló ṣeé ṣiṣẹ́ lé lórí. Ẹni tó ní ọ̀kan nínú wọn ní ohun tó ń dúró dè lọ́la. Àrùn là á wò, a kì í wo ikú. Èmi gbà pé ẹni tó ń gbọ́ ìtàn aláìsàn ń wo àrùn náà ni.

Ó ní àìsàn yìí kì í ṣe ojú lásán, pé ayé ló ń ṣe òun. Ṣé ká gbà fún un?

Ẹ má gbà, ẹ má bá a jiyàn. Ẹ ní kó sọ ọ́. Nínú ìtàn "ayé ń ṣe mí" lẹ ti máa ń rí ìjà ogún, ikú ọmọ, gbèsè, orogún, ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an kí ara tó dá a dúbúlẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó máa gba oògùn yín, ó máa dé ilé, ó máa dà á nù.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lámbò mọ èyí dáadáa. Nígbà tó ń darí ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Aro, l'Abẹ́òkúta, ní 1954, ó bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí kò wọ́pọ̀ lágbàáyé nígbà náà: àwọn aláìsàn ń gbé lọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀ ní àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, pẹ̀lú ará ilé wọn kan, wọ́n ń lọ gba ìtọ́jú lójú mọmọ, wọ́n sì ń padà sílé láàárín èèyàn. Ó tún bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀. Kì í ṣe pé ó kọ oògùn òyìnbó sílẹ̀. Ó ń lò ó. Ó kàn rí i pé aláìsàn tí wọ́n bá já kúrò lára àwọn èèyàn rẹ̀ àti ohun tó gbà gbọ́ kì í rí ọ̀nà padà bọ̀rọ̀.

Ibi tí mo ti ń fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni pé kí wọ́n má torí ayé dá oògùn dúró. Ẹ ní, "Mo gbọ́ ohun tẹ́ ẹ sọ. Bẹ́ ẹ ṣe ń bójú tó apá yẹn, ẹ jẹ́ ká máa bójú tó ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yìí." Ó máa ń ṣiṣẹ́ ju ìwàásù lọ.

"Ẹ ò ní kú", "Ọlọ́run á ṣe é", "ẹ ṣáà ní ìgbàgbọ́": ṣé ó burú ká máa sọ ọ́ ni?

Àdúrà kò burú. Ìgbà tẹ́ ẹ sọ ọ́ ni mò ń wò. Aláìsàn ní, "Ẹ̀rù ń bà mí," kó tó délẹ̀ ẹ ti ní, "Ẹ̀rù kì í ṣe tiyín, ẹ ò ní kú!" Ó ti gbọ́ pé ẹ ò fẹ́ gbọ́. Ẹ bi í pé kí ló ń bà á lẹ́rù. Tó bá sọ tán, ẹ gbàdúrà lórí ohun tó sọ gan-an, tó bá jẹ́ ẹni tó ń fẹ́ àdúrà. Ẹ ó rí i pé "àmín" rẹ̀ á yàtọ̀.

Aláìsàn wa ò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Báwo la ṣe máa gbọ́ ìtàn rẹ̀?

Ó dá lórí ohun tó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Ẹni tí rọpárọsẹ̀ gba ohùn lẹ́nu rẹ̀ sábà máa ń gbọ́ púpọ̀ nínú ohun tẹ́ ẹ ń sọ. Ẹ bi í ní ìbéèrè tó ṣeé dáhùn pẹ̀lú bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó fún yín lọ́wọ́ tàbí kó ṣẹ́jú. Ẹ gbé fọ́tò sílẹ̀, kó nàka sí i. Ẹ má parí ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ẹ má sì sọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí rẹ̀ bí ẹni pé kò sí nínú yàrá. Èyí ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fi sùn wá nígbà tí ohùn bá padà.

Ti ẹni tó ń ṣarán tún yàtọ̀. Ìyá ẹni ọdún 84 tó ń béèrè ọkọ rẹ̀ tó ti kú tipẹ́, ẹ má máa túfọ̀ fún un lójoojúmọ́. Ẹ ní, "Màmá, ẹ sọ nípa Bàbá fún mi." Ibí yìí gan-an ni oríkì ti wúlò, ó sì ń yà mí lẹ́nu pé a kì í lò ó ní wọ́ọ̀dù. Ìyá tí kò mọ orúkọ ọmọ rẹ̀ mọ́ lè gbórí sókè tí wọ́n bá pè é ní Àjọkẹ́, tí wọ́n bá kì í ní ọmọ Ọlọ́fà mọjọ̀, tàbí ọmọ Ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí, èyí tó bá jẹ́ tirẹ̀. Oríkì jẹ́ ìtàn tí wọ́n ti bá a to sílẹ̀ kó tó dáyé. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹbí kẹ́ ẹ tó ṣe é o. Ìdílé kan á fò sókè fún ayọ̀, òmíràn á ní ẹ̀sìn àwọn kò gbà á.

Ṣé kí n sọ ìtàn ẹlòmíràn tó ní irú àìsàn yìí tó sì yá fún un?

Àyàfi tó bá béèrè. "Ìyàwó ọ̀gá mi náà ní i, ó ti ń jó báyìí" máa ń dà bí ẹ̀bi létí ẹni tí ara rẹ̀ kò gbà á bẹ́ẹ̀. Ó sàn kẹ́ ẹ mú ẹni náà wá, kí àwọn méjèèjì jọ sọ̀rọ̀.

Ọmọ wa ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Kò ju ọdún 12 lọ. Ṣé ọmọdé náà ní ìtàn?

Ó ní, ó sì máa ń pọ̀ ju èyí tẹ́ ẹ rò lọ. Ọmọ tó ti gbọ́ látìgbà èwe pé òun kò ní pẹ́ láyé, tí àwọn kan ti pè ní àbíkú, tí òṣìṣẹ́ ìlera sì fura sí pé abẹ́rẹ́ ìrora ló kàn wù ú, ti ní ìtàn tí ẹlòmíràn kọ fún un. Ẹ fún un láyè kó kọ tirẹ̀.

Ncazelo Ncube àti David Denborough ṣe ọ̀nà kan fún àwọn ọmọ tí éèdì gba òbí lọ́wọ́ wọn ní gúúsù Áfíríkà. Igi ni wọ́n ní kí ọmọ yà. Gbòǹgbò ni ibi tó ti wá. Ilẹ̀ ni ohun tó ń ṣe lójoojúmọ́. Ìtì igi ni ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ̀ka ni ohun tó ń fẹ́ lọ́jọ́ iwájú. Ewé ni àwọn èèyàn tó fẹ́ràn. Èso ni ohun rere tí wọ́n ti fún un. Àìsàn kò ní ibùjókòó pàtàkì nínú àwòrán náà. Bébà àti pẹ́ńsù ti tó.

Ó ní ó sàn kóun kú. Ṣé ìtàn náà nìyẹn?

Ẹ má kọjá lórí rẹ̀. Nígbà mìíràn, "ó ti sú mi" túmọ̀ sí pé ìrora pọ̀, tàbí pé òun ń ná owó ọmọ tán. Nígbà mìíràn, ó ti ń ronú ohun tó máa fi pa ara rẹ̀. Ẹ bi í tààrà: "Ṣé ẹ ti ń rò ó pé kẹ́ ẹ pa ara yín?" Bíbéèrè kì í gbin èrò náà sí i lọ́kàn. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ kó oògùn kòkòrò àti oògùn àpọ̀jù kúrò nítòsí rẹ̀, ẹ sọ fún dókítà rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an, tàbí kẹ́ ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ọpọlọ bí Aro tàbí Yábàá. Ẹ má halẹ̀ mọ́ ọn pé ọ̀run àpáàdì ló ń lọ.

Ṣé a lè gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ lórí fóònù?

Ẹ lè gbà á tó bá fọwọ́ sí i. Ẹ bi í kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ẹ sì tún bi í tẹ́ ẹ bá parí: ta ló lè gbọ́ ọ? Apá wo lẹ fẹ́ ká yọ? Inú ohùn báyìí ni ọ̀rọ̀ ọmọ tó bí síta, ilẹ̀ tó rà, ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́ ti máa ń jáde. Ọ̀rọ̀ tí ó bá sọ nínú ìrora lè dá ìjà sílẹ̀ fún ogún ọdún. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, àbò àṣírí aláìsàn wà nínú abala 26 òfin 2014 tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan. Gbígbé fídíò aláìsàn sórí WhatsApp status pé "ẹ bá wa gbàdúrà" láìbi í, kódà kẹ́ ẹ jẹ́ ọmọ rẹ̀, ìwọ̀sí ni.

Ṣé dandan ni kó jẹ́ dókítà tàbí onímọ̀ ọpọlọ ló máa ṣe é?

Rárá. Ní Harare, ní Zimbabwe, ní 2006, dókítà ọpọlọ Dixon Chibanda bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìyá àgbà 14. Ó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì níta ilé ìwòsàn, tí wọ́n ń gbọ́ ìṣòro àwọn tó wá, tí wọ́n sì ń bá wọn yan ọ̀kan tí wọ́n lè kọ́kọ́ yanjú. Èsì ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2016, lára èèyàn 573, fi hàn pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn dín kù gan-an lára àwọn tó bá àwọn ìyá náà jókòó ju àwọn tó gba ìtọ́jú bó ṣe máa ń wà tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ ṣàkíyèsí pé wọ́n kọ́ wọn, wọ́n sì ń bójú tó wọn. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó dàgbà ló mọ̀ ọ́n gbọ́. Ẹlòmíràn dàgbà tán, ìmọ̀ràn nìkan ló mọ̀.

Aláìsàn wa kàn dákẹ́. Kò fẹ́ sọ nǹkan kan.

Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ẹ bá a gé èékánná, ẹ bá a fi ìpara ra ẹsẹ̀, ẹ lọ. Ẹ má sọ ìtàn di oògùn tí wọ́n fi dandan fún un.

Àwa tá à ń gbọ́ ọ ńkọ́? Ó ń wọ̀ wá lára.

Ó máa wọ̀ yín lára. Ẹ má gbé e lọ sílé lẹ́yin nìkan. Ẹ wá ẹnì kan níbi iṣẹ́ tẹ́ ẹ lè bá sọ ọ́ láìdárúkọ aláìsàn. Ọmọ tó ń tọ́jú òbí, ẹ gba ìsinmi. Kí àbúrò yín tó ń fi owó ránṣẹ́ láti òkèèrè wá sùn tì í lóru ọjọ́ mélòó kan nígbà tó bá wálé, kò ní kú.

Ilé ìwòsàn wa ò lówó. Ibo la ti lè bẹ̀rẹ̀?

Ojú ìwé àkọ́kọ́ nínú fáìlì. Ẹ fa ìlà mẹ́ta síbẹ̀: orúkọ tó fẹ́ ká máa pe òun, ohun tó bẹ̀rù jù, ohun tó ń fẹ́ báyìí. Kí nọ́ọ̀sì àárọ̀ ka ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sétí nọ́ọ̀sì alẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn, bí wọ́n ṣe ń ka oògùn. Ẹ máa tún un kọ lọ́sẹ̀-lọ́sẹ̀, nítorí ohun tó ń fẹ́ á máa yí padà. Tí ìlà kan bá ṣófo ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, kí ẹni tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ bi í, tàbí kó bi ẹni tó jókòó tì í.